Bọ́tìnnì Tí Kì í Ṣí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní gbangba pé inú ṣì ń bí mi. Àwọn ará ilé wa ní kí n gbàgbé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Gbogbo àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló wà lọ́wọ́ wọn.

Bọ́tìnnì alátẹ̀ ni à ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ mọ̀ ọ́n: èyí tó máa ń wà lára bàtà ọmọdé, lọ́rùn ọwọ́ ìbọ̀wọ́, níwájú ẹ̀wù òjò, tí èèyàn á fi àtàǹpàkò tẹ̀, tí á dún tàá, tí á sì dé. Ó ní akọ, ó ní abo. Akọ ní orí kékeré kan lórí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́. Abo ní ihò, wáyà méjì tín-ín-rín sì wà nínú ihò náà. Bí orí akọ bá ti ń wọlé, wáyà méjèèjì á yà fún un, bó bá ti wọlé tán, wọn á padà di ọrùn rẹ̀ mú. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Mo ti fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣe é, kò sì tíì sú mi.

Bàbá wa ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Yàrá gígùn kan ni, ó ní fèrèsé mẹ́ta, tábìlì onírin kan, àti ẹ̀rọ rólà tí a fi ń tẹ awọ tí a fi ń rán ìbọ̀wọ́ kó lè fẹ́lẹ́, èyí tí a máa ń fi ọwọ́ yí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni ìkọ́ kan wà lára ògiri, abẹ́ ìkọ́ náà ni irin Bàbá máa ń wà. Irin ńlá ni, ó wúwo tó ọmọ tó ń rìn. Bọ́tìnnì kankan kì í kúrò lọ́dọ̀ wa láìjẹ́ pé irin yẹn ti fà á wò. A ó fi ọrùn ìbọ̀wọ́ kọ́ sórí ìkọ́, a ó so irin mọ́ ibi ìka, a ó wá máa ka ení, èjì, títí dé ọgọ́rùn-ún. Èyí tí kò bá ṣí ló yege. Èyí tó bá já irin sílẹ̀, inú agolo tó wà lábẹ́ tábìlì ló ń lọ.

Bàbá kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gba ipò rẹ̀, kò sì yí nǹkan kan padà. "Tiwa kì í ṣí" ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà. Ó sọ ọ́, ó sọ ọ́, títí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Kìíṣí. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín á gba gbogbo ojú rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bébà ni ọkọ mi wà ní tiẹ̀. Rólà ńláńlá méjì ló ń tẹ bébà níbẹ̀, iná ló ń yí wọn, wọn ò sì mọ ọwọ́ èèyàn yàtọ̀ sí bébà. Lọ́dún tó kọjá, rólà náà gbá ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ mú láti orí ìka. Ó fà á, fà á. Ká ní bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ ṣí ni, ìbọ̀wọ́ nìkan ni ìbá bá rólà lọ. Kò ṣí. Kí wọ́n tó rí ẹni pa iná, ìka mẹ́ta ti lọ.

Ìbọ̀wọ́ tiwa ni. Èmi gan-an ni mo kan bọ́tìnnì ọ̀hún mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní ọsibítù lọ́jọ́ náà. N ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ṣe bí ẹ̀gbọ́n: ó gbé omi wá, ó gbé aṣọ wá, ó jókòó tì mí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kó ẹrù ọkọ mi fún wa nínú ọ̀rá, ìbọ̀wọ́ tó ti ya yánnayànna yẹn wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú un jáde. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wá fi àtàǹpàkò nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára bọ́tìnnì.

Ó ní, "Wò ó, kò ṣí."

Kì í ṣe pé ó ń kẹ́dùn o. Ó ń fi bọ́tìnnì yangàn ni. Mo wo ẹnu rẹ̀, mo wo ilẹ̀kùn yàrá tí ọkọ mi wà, mo sì gbé èsì tó wà lẹ́nu mi mì. Nígbà tó sì yá, bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ní ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ bébà ló burú, tàbí pé àna òun kò fara balẹ̀. Kò fìgbà kan dárúkọ bọ́tìnnì.

Oṣù mọ́kànlá ni mo fi wá bọ́tìnnì tó máa mọ ìgbà tó yẹ kó ṣí. Mo fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ fá ọrùn akọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ tó kù dúró gbọn-in. Bí èèyàn bá fà á láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn, wáyà kò ní jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá fa ìbọ̀wọ́ láti orí ìka pẹ̀lú agbára, wáyà á yọ̀ gba ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, bọ́tìnnì á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo fá àfájù, ó ń ṣí bí mo bá sín. Mo fá díẹ̀, kò ṣí rárá. Mo ba akọ tí kò lóǹkà jẹ́. Nígbà tó wá bọ́ sí i, mo fi igi gbẹ́ ọwọ́, mo wọ ìbọ̀wọ́ fún un, mo sì ti orí ìka rẹ̀ bọ ẹ̀rọ rólà wa. Ìbọ̀wọ́ wọlé lọ, ọwọ́ igi dúró sọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ohun kan tún wà lára rẹ̀: kì í dún tàá. Nítorí ibi tí mo fá yẹn, bó bá dé, pọ́ ló máa ń dún, jẹ́ẹ́.

Obìnrin tó ń mójú tó ààbò òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ bébà wá wò ó. Ó ní kí n tún fi ọwọ́ igi dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ó ní kí a ṣe ọgọ́ta, ìyẹn ìbọ̀wọ́ méjì-méjì fún ọgọ́ta èèyàn, kí ó délé iṣẹ́ ní Sátidé, kí wọ́n wọ̀ ọ́ ní Mọ́ńdè. Mọ́ńdè yẹn náà ni ọkọ mi fẹ́ padà sídìí rólà. Láti ìgbà tó ti kúrò ní ọsibítù, ọgbà ni wọ́n ní kó máa gbá, ó sì ní ìgbálẹ̀ ti sú òun, òun kì í ṣe arúgbó. Mo fara mọ́ ọn nítorí bọ́tìnnì mi. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ṣì pé fún un, bọ́tìnnì yẹn ni mo sì fi ṣọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dáa. Ó fẹnu sọ bẹ́ẹ̀. Mo kan gbogbo bọ́tìnnì náà tán ní Fúráídè, mo sì lọ wo ìyá wa ní Sátidé, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ló ní òun á di àwọn ìbọ̀wọ́ náà, òun á sì kó wọn lọ sílé iṣẹ́ bébà.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ ìbọ̀wọ́ tuntun tí wọ́n ti pín fún un nílé iṣẹ́ ní Sátidé, tayọ̀tayọ̀. Ó fi ìka méjì ọwọ́ òsì rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún.

Tàá.

Pọ́ ló yẹ kó dún. Mo ní kó ṣí i, kó tún un tẹ̀. Ó bi mí bóyá ijó ni mo fẹ́ fi jó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka méjì yẹn bá a jà. Kò lè ṣí i. Èmi ni mo bá a ṣí i, ó sì tún un tẹ̀. Tàá. Mo gba ọwọ́ rẹ̀, mo di ìbọ̀wọ́ mú láti orí ìka, mo fi gbogbo agbára mi fà á. Kò mira. Mo mú ọ̀bẹ, mo fi yọ ìdérí tó bo orí bọ́tìnnì náà, èyí tó ní àmì Bàbá wa lórí. Ìdérí yẹn kan náà ni, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì àtijọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó gba ìka mẹ́ta.

Ọkọ mi wò ó. Aláwàdà ni, kò sí ohun tí kì í fi ṣẹ̀fẹ̀, àní ìka tó lọ pàápàá. Lọ́jọ́ náà kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Àwọn yòókù ti ń wọ tiwọn báyìí o. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń tan rólà."

Ó sáré gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ lọ. Èmi mú ìbọ̀wọ́ náà, mo gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. N kò mọ bí mo ṣe rìn dé ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń mu tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ju ìbọ̀wọ́ sórí tábìlì níwájú rẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní òun fi irin Bàbá fà wọ́n wò ní Sátidé bí a ṣe máa ń ṣe, kò sí ẹyọ kan tí òun ka dé ogún kó tó já irin sílẹ̀. Gbogbo wọn ló já. Òun sì rò ó pé mo ti ṣe làálàá, pé ojú á tì mí bí òun bá dá iṣẹ́ náà padà, lòun bá fi ọjọ́ náà pààrọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Àṣírí ẹ ni mo bò."

Ẹ gbọ́ o. Àṣírí mi. Ọ̀nà tí rólà ń gbà fa ìbọ̀wọ́, ọ̀nà yẹn gẹ́lẹ́ ni irin Bàbá ń gbà fà á, láti orí ìka. Ìyẹn ni mo fi oṣù mọ́kànlá wá, kí ó já bí wọ́n bá fà á bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé ó já, ọgọ́fà ìbọ̀wọ́, láìku ẹyọ kan. Ó rí i pé ó ṣiṣẹ́, ó sì sọ iṣẹ́ mi sínú agolo. Mo ti ṣàlàyé nǹkan yìí fún un tó ìgbà mẹ́wàá, nítorí náà n kò ṣàlàyé mọ́.

Mo dá ìdérí bọ́tìnnì náà padà sáyè rẹ̀, mo fi òòlù kàn án. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wọ̀ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ̀ ọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì fún un, ó dún tàá. Mo ní kó gbé ọwọ́ wá sídìí ẹ̀rọ rólà, ó gbé e wá. Orí ìka ìbọ̀wọ́ gùn ju ìka rẹ̀ lọ díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo kì bọnu rólà, mo sì yí ẹ̀rọ náà díẹ̀, awọ wọlé. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

Ó fà á. Mo tún yí i díẹ̀, rólà fẹnu kan èékánná rẹ̀. Ó ti ọwọ́ òsì bọ bọ́tìnnì, ìka márùn-ún tó le koko, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ ti fún mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, kò rí ibi fi èékánná há. Ó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀.

Ó ní, "Ṣí i."

Mo ní, "Tiwa kì í ṣí."

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, yí i padà."

"Rólà tó mú ọkọ mi kò ní etí tó fi gbọ́ jọ̀ọ́," ni mo wí. "Irin Bàbá ló ń fà yín yìí, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ máa ka ení, èjì."

Ó wo irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún padà wo irin. Mo rí i nígbà tó yé e. Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá ọwọ́ mi fẹ́ yí ẹ̀rọ náà síwájú. Ó fẹ́. Mo yí i sẹ́yìn, mo sì bá a ṣí bọ́tìnnì.

Fóònù mi dún. Ọkọ mi ni. Ó ní òun bá wọn kí wọ́n tó tan rólà, ìbọ̀wọ́ gbogbo ti pé nílẹ̀, wọ́n ti to gbogbo rẹ̀ sínú ọgbà, àwọn èèyàn dúró, inú ọ̀gá kò sì dùn. Mo ní kí wọ́n dúró dè wá.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ń ṣa bọ́tìnnì mi kúrò nínú agolo, ó ń yọ wọ́n sọ́tọ̀ láàárín àwọn èyí tó bàjẹ́ lóòótọ́. Kò gbójú sókè wò mí, n kò sì ràn án lọ́wọ́. A kó bọ́tìnnì, ìbọ̀wọ́ ọkọ mi, òòlù àti àpótí irinṣẹ́, a lọ.

Inú ọgbà tí ọkọ mi ti gbá fún ọ̀pọ̀ oṣù la jókòó sí, a sì pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn tó ni ín. Ó gbà wá títí di ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi fi ti ọkọ mi ṣe ìkẹyìn. Ó kan bọ́tìnnì náà, ó di ìbọ̀wọ́ mú láti orí ìka, ó fà á fúnra rẹ̀. Ó ṣí. Ó dé e padà, ó wá gbé e fún ọkọ mi, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ọwọ́ òsì tó nà láti gbà á ló ń wò.

Ó ní, "Ó yẹ kó ṣí lọ́jọ́ yẹn."

Odidi ọdún kan ni mo fi dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó dé, kò dá ìka kankan padà. Ọkọ mi wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka méjì tẹ bọ́tìnnì náà, ó dún pọ́, ó sì wọlé lọ sídìí rólà.