Ebè Mẹ́rìnlélógún Lójú Ogun

Lọ́dún tí Sájẹ́ǹtì Ilésanmí padà sójú ogun ní Làìbéríà, èbù iṣu ló pọ̀ nínú àpò rẹ̀ ju aṣọ lọ. Bàbá rẹ̀ ló fi wọ́n sílẹ̀ kó tó kú ní Ìlọ́rò. Irú iṣu náà ò sí lóko ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò gbìn ín nílé.

Yanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, ebè kì í dúró róbótó. Ló bá nà wọ́n gbọọrọ, mẹ́rìnlélógún, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n nítorí oòrùn, ó gbé òkúta lé e.

"Ẹ̀yin ará Èkìtì yìí!" Yínúsà ni, ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ Ẹdẹ tó dàgbà sí Ìjerò. "Ìbọn ń dún lọ́tùn-ún, ẹ̀ ń kọ ebè lósì."

"Bí uṣu mi bá ta, o ò ní í jẹ ńbẹ̀."

Kápútéènì Francis, ọ̀gá wọn, kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gágun àgbà ọmọ Gánà tó ń darí gbogbo ọmọ ogun tó para pọ̀ ń bọ̀ wá bẹ̀ wọ́n wò. "Tú ebè yẹn kó tó dé. Ojú ogun nìyí, kì í ṣe oko bàbá rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Bí mo bá tú wọn, wọ́n kú nìyẹn."

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí jíìpù fi wọlé. Ọ̀gágun sọ̀ kalẹ̀, ó rí ebè, ó dúró. Ní àgọ́ méjì tó ti yà láàárọ̀, sàréè ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba. Yínúsà gbójú sókè, ó ń wo sánmà.

"Ẹ ka orúkọ àwọn tó sùn síbí fún mi," Ọ̀gágun ní, ó ti yọ bíírò. "Mo fẹ́ kọ̀wé sílé wọn."

Francis yíjú sí Ilésanmí.

Ilésanmí rò ó. Bó bá dákẹ́, ebè rẹ̀ bọ́. Ta ni í tú sàréè? Ṣùgbọ́n orúkọ ta ni wọn yóò kà? Ìyá wo ni yóò gba ìwé náà?

"Iṣu ni, sà. Èmi ni mo gbìn ín."

Ọ̀gágun dé fìlà padà. Ó lóṣòó ti ebè àkọ́kọ́, ó gbé òkúta kúrò, ó ká imọ̀ sókè. Ọ̀mùnú kan ti yọ, ó pọ́n, kò ju ìka lọ. Ó wò ó títí, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà sáyè.

"Ẹ ri ọ̀pá mọ́ wọn lónìí," ó ní, "kí ẹlòmíràn má tún wá ṣí fìlà."

Nígbà tí jíìpù lọ tán, Francis na àdá sí Yínúsà. "Ọ̀pá mẹ́rìnlélógún."

"Èmi náà ti di ará oko nìyẹn, sà?"

"Èyí tó gùn ni kó o gé o," Ilésanmí ní. "Uṣu bàbá mi máa ń fà gan-an."