Eyín Mi Wà Nínú Jíà

Ìyá Bísí, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná. Mo wà lábẹ́ jíìpù ọkọ mi olóògbé nínú àgbàlá wa, mò ń pààrọ̀ jíà tó ń yí táyà iwájú. Èmi nìkan o! Bàbá Ṣọlá fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga awakọ̀.

"Ìyá Ṣọlá, ṣé o ò tíì ṣe tán? Tí kò bá ṣiṣẹ́, màá fẹsẹ̀ rìn padà o."

N kò sì fẹ́ kó lọ. Mo wo jíà tuntun náà, kò léyín kankan! Ni mo bá yọ eyín mẹ́ta tó kù sí mi lẹ́nu, mo tò wọ́n sí i. Mẹ́ta péré, ó sì tó! Mo wọlé jókòó tì í, ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín kèékèé gun òkè, àwa náà ń rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe jí, mo fọwọ́ kan ẹnu. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Ká ní wọn ò sí níbẹ̀ ni, inú mi ì bá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.