Síkì Tí Mo Yàn fún Polona

Ẹni tó bá sọ pé síkì kan náà ló dára fún gbogbo yìnyín, kó má wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń yá àwọn èèyàn ní síkì, pátákó gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín, lábẹ́ òkè yìí, ara mi kì í gba irú ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀. Yìnyín lúbúlúbú ń fẹ́ síkì tó fẹ̀ láàárín, kó má bàa rì. Yìnyín tó le koránkorán ń fẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí etí irin rẹ̀ mú.

Láàárọ̀ Sátidé tí Polona ọmọbìnrin mi máa dé láti ìgboro, mo jáde lọ wo ilẹ̀. Mo fi ìkúùkù ti yìnyín, kò wọlé. Mo fi ìka kan tì í, kò wọlé. Ọ̀bẹ ni mo fi rí i gún. Inú mi dùn, torí irú ilẹ̀ tí Polona fẹ́ràn jù nìyẹn. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sẹ́ni tó lè bá a sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè wa.

Ọdún mẹ́rin ni mi ò ti fojú kàn án. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, èmi nìkan ni mò ń jẹ jota, ọbẹ̀ ẹ̀wà àti kábéèjì kíkan, nílé, síbẹ̀ odindi ìkòkò ni mo ṣì máa ń sè. Mo fẹ́ kí àwa méjèèjì jọ yọ̀ láti orí òkè délẹ̀, kí n wá ní kó máa wá kí mi lóṣooṣù. Mi ò lè sọ ọ́ nídìí tábìlì, ẹnu mi wúwo níbẹ̀.

Mo ti yan síkì gígùn kan sílẹ̀ fún un, tí orí rẹ̀ máa kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bó bá na apá sókè, bí àwa àgbà ṣe máa ń wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti fi pọ́n etí rẹ̀. Bogomir tó ń bójú tó àga tó ń fi okùn gbé èèyàn gun òkè yọjú lójú wíńdò.

"Jernej, ṣé ọmọ lò ń dúró dè àbí ìyàwó tuntun? O tiẹ̀ fá irùngbọ̀n!"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, jàre. Lọ máa ti àga ẹ."

Polona dé, ó dì mọ́ mi díẹ̀, ó wo síkì náà.

"Bàbá, ẹ ṣé o. Àmọ́ ẹ bá mi wá èyí tó kúrú, tó rọ̀. Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀? Ṣé ìgboro ti sọ ẹ́ di ojo ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Àpá gígùn kan gba orí orúnkún rẹ̀ kọjá.

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Oṣù kẹta, ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Mo pè yín láti ọsibítù, Bàbá. Ẹ ní kí n dúró ná, oníbàárà wà níwájú yín. Ẹ ò pè mí padà."

Mi ò rántí. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Mo kúnlẹ̀ láti yí ìdè tó ń so bàtà mọ́ síkì kúkúrú kan, kí bàtà lè tètè bọ́ bó bá ṣubú. Kéèyàn tó mọ bí ìdè ṣe máa le tó, ó gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ẹni tó máa wọ̀ ọ́ àti ọjọ́ orí rẹ̀. Mo béèrè kílò, ó sọ. Ojú tì mí láti béèrè ọjọ́ orí ọmọ tí mo bí, mo bá kọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sínú ìwé.

"Márùndínlógójì ni, Bàbá." Ohùn rẹ̀ tutù. Mo pa á rẹ́.

Síkì rírọ̀ kì í lè di yìnyín líle mú, nítorí náà a jókòó títí oòrùn fi mú kí ilẹ̀ rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níbi táwọn ọmọdé ti ń kọ́ṣẹ́, mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì aago méjì ló wọ̀. Mi ò sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Lẹ́yìn wákàtí kan, mo pè é. Ó gbé e kíá.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," mo ní. "Orúnkún yẹn ńkọ́?"

Oníbàárà kan wọlé, mo fọwọ́ sọ fún un pé kó dúró ná. Kò sẹ́ni tó pa fóònù nínú àwa méjèèjì.