Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyàwó

Lọ́dún 1994, ìyá àfẹ́sọ́nà Julianah wá kí wọn ní Iléṣà láti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó wo ọmọ náà látòkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé wọn kì í fún ọmọ yìí lóúnjẹ ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Julianah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìgbéyàwó ku oṣù méjì, eegun ọrùn rẹ̀ sì yọ síta gbangba.

Àwọn ọmọge ìgbà náà ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé oògùn kan wà tí í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún. Julianah kò wá a jìnnà. Bàbá rẹ̀, Micah, ló ń lò ó. Ọgbọ̀n ọdún ni Micah fi lagi ní sọ́múìlì, tó ń fa lẹ́búlẹ́bú igi símú, títí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi bàjẹ́. Oògùn yìí ló jẹ́ kó máa rí èémí mí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ náà sì kún bí ti ọmọ ọwọ́. Ni ọmọge wa bá ro ìrònú òmùgọ̀. Ó da oògùn inú ìgò sínú àpò ara rẹ̀, ó sì fi oògùn ẹ̀fọ́rí tó funfun bíi tirẹ̀ rọ́pò.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Julianah bẹ̀rẹ̀ sí kún. Wọ́n ń kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, "Ìyàwó, o ti ń dára sí i o!" Bàbá ti ń wúkọ́ nígbà yẹn. Julianah ní òtútù ni, ó sì tẹra mọ́ irọ́ tó ń pa fún ara rẹ̀.

Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tí Micah ò lè dìde mọ́. Ètè rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ ń dún fìì-fìì. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù, Julianah tẹ̀ lé wọn.

Dókítà Ayọ̀délé béèrè bóyá wọ́n dá oògùn dúró.

"Rárá o!" Phebe, ìyá Julianah, búra. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fún wọn láràárọ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣe ń gbé e mì."

Dókítà mi orí. "Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń bá àìsàn jà, mà. Lẹ́búlẹ́bú igi ló kọ́kọ́ ta wọ́n jí. Kò sí lẹ́búlẹ́bú mọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ránṣẹ́ síra wọn pé ọ̀tá dé. Àwọn tó gbọ́ á rọ́ wá, wọ́n á sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n wá gbà là jẹ́. Oògùn yẹn ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bí bàbá bá ń lò ó tó fi rí báyìí, agbára rẹ̀ ti tán lára wọn nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ bóyá èémí yìí á gbé wọn débẹ̀."

Bí Julianah bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò fẹ́ ẹni tó fẹ́ pa bàbá rẹ̀? Bí kò bá sì sọ̀rọ̀ ńkọ́?

"Wọn ò lò ó, sà." Julianah ló sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo ń lò ó. Oògùn ẹ̀fọ́rí ni mo fi sínú ìgò."

Phebe ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Dókítà ti ń pariwo pe nọ́ọ̀sì kó gbé abẹ́rẹ́ oògùn yẹn kan náà wá.

Wọ́n gún Micah lábẹ́rẹ́. Wọ́n dúró. Julianah ń ka èémí bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá sì pẹ́ díẹ̀ kí òmíràn tó dé, a dà bíi pé kò ní dé mọ́. Ó ti kọjá wákàtí méjì kí àyà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀.

Micah la ojú, ó fi ìka pe Julianah. Ó sún mọ́ ọn, ó ń retí èébú.

"Oògùn yẹn," ni bàbá rẹ̀ wí, ó mí, ó tún mí, "ṣé kò… ṣe ọ́… ní nǹkan kan?"

Julianah gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bú sẹ́kún.