Ẹ̀jẹ̀ Ọdẹmúyìwá

Kí ni èèyàn ń ṣe bí kọ̀ǹpútà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ bá sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kì í ṣe bàbá rẹ̀? Mosúnmọ́lá kò mọ̀. Ó kàn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń bá àwọn ará Ṣakí tẹ̀wé, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n ń sọ èdè Ìbàrìbá sí.

Ẹgbẹ́ ọdẹ ló gbé iṣẹ́ fún un. Ọmọ ọdẹ ni, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní pólì. Wọ́n fẹ́ ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí nọ́ọ̀sì lè ṣí bí ọdẹ kan bá fara gbọgbẹ́ nígbó, kó rí orúkọ rẹ̀, nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ àti irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà sí i lára. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fún un ní àkójọ orúkọ àti fóònù. Nọ́ọ̀sì fún un ní àkójọ ẹ̀jẹ̀, bí akọ̀wé ṣe ń pe àwọn ọdẹ wọlé láti inú ìwé ẹgbẹ́ ló ṣe tò ó, kò kọ orúkọ sí i. Mosúnmọ́lá kó méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà, ó sì pàṣẹ fún un: ìlà kan fún ọdẹ kan, òpó kan fún orúkọ, òpó kejì fún fóònù, kó wá lọ mú ẹ̀jẹ̀ láti ìlà tó bá a dọ́gba nínú àkójọ kejì. Ẹni tí kò bá ní fóònù, kó má yọjú rárá, kí ojú ìwé má baà kún fún àlàfo. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn.

Àfi ìgbà tó débi orúkọ bàbá rẹ̀. Ọdẹmúyìwá: O.

Ìyá rẹ̀, A ni. Òun fúnra rẹ̀, AB ni, ó wà lára káàdì tí wọ́n fún un ní pólì. Kò sì sí ẹni tó ka bàọ́lọ́jì níléèwé tí kò mọ̀ pé bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O kì í bí ọmọ AB. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. O náà ni. Ó yẹ ìlà wò, ó yẹ òpó wò. Ìlà kẹrin níbí, ìlà kẹrin lọ́hùn-ún. Ó kà á láti orí òdo bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà, ó tún kà á láti orí ení bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ka iṣu. Orí rẹ̀ dàrú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, imú rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ní ó dà bíi pé Ọdẹmúyìwá ló pọ̀ ọ́ sílẹ̀, imú ta ni?

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò kọ́kọ́ pe akọ̀wé. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já kì í rántí akọ̀wé. Ọ̀kadà ló gùn lọ sílé.

Ìyá rẹ̀, Àríyọ̀, ń ku èlùbọ́ lẹ́yìnkùlé.

"Màámi, ta ni bàbá mi?"

Kọ̀nkọ̀sọ̀ dúró lọ́wọ́ Àríyọ̀. "Bàbá rẹ tó lọ sí Ofiki láàárọ̀? Kí ló ṣe é?"

"Ẹ̀jẹ̀ wọn kò bá tèmi mu. Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Mi ò ní sọ fún wọn."

Mi ò ní sọ fún wọn: èyí ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Àríyọ̀ wo ọmọ rẹ̀ títí. Kò pariwo, kò ṣépè. Ó ní, "Ọdún mẹ́tàlélógún nílé ọkọ," ó sì padà sídìí èlùbọ́ rẹ̀. Mosúnmọ́lá kò mọ̀ bóyá ìdáhùn nìyẹn àbí kì í ṣe ìdáhùn. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ó bá Ṣàngóyẹmí lẹ́nu ọ̀nà, ọdẹ tó wọ ẹgbẹ́ kẹ́yìn, tí orúkọ rẹ̀ sì kẹ́yìn nínú ìwé. Fóònù tó fi ṣí ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú ń bí i.

"Mosún, o ò kọ ẹ̀jẹ̀ tèmi síbẹ̀. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, apá ro mí fún ọjọ́ méjì, o wá fi àyè mi sílẹ̀ lófìfo."

"Ẹ má bínú, sà. Bóyá wọn ò tíì fi tiyín ránṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ogójì èèyàn ni wọ́n fún mi, orúkọ mọ́kànlélógójì ló sì wà nínú ìwé."

"Mọ́kànlélógójì kẹ̀? Ogójì ni wá. Àbí o ka Ògún mọ́ wa ni?"

"Ògún wo, sà?"

"Ìwọ ọmọ ọdẹ yìí náà. Ìlà kìíní nínú ìwé ẹgbẹ́, ti Ògún ni. A kì í kọ orúkọ ọdẹ kankan ṣáájú rẹ̀. Ṣé o retí kí Ògún wá gbabẹ́rẹ́ ni?"

Mosúnmọ́lá ṣí àkójọ orúkọ. Lóòótọ́, Ògún wà lókè pátápátá. Kò ní fóònù, nítorí náà kò yọjú lójú ìwé, ṣùgbọ́n ó gba ìlà kan, ó sì ti gbogbo ọdẹ wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e ni kọ̀ǹpútà ti ń gbé fún olúkúlùkù. Ó yọ ení kúrò nínú nọ́ḿbà ìlà tí kọ̀ǹpútà fi ń mú ẹ̀jẹ̀, ó tún ojú ìwé náà ṣí. Ṣàngóyẹmí rí tirẹ̀. Ọdẹmúyìwá: B.

Inú Mosúnmọ́lá dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí ti ṣọ́ọ̀bù tó fi sáré gun ọ̀kadà.

Àríyọ̀ ti kù ú tán, ó ń da èlùbọ́ sápò.

"Màámi, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ṣàṣìṣe, ìlà kan ni mo fi ṣì í kà. Mo ti tún un ṣe. B ni wọ́n, ó bá tèmi mu."

Àríyọ̀ di ẹnu àpò náà, kò gbójú sókè.

"Kọ̀ǹpútà lo tún ṣe," ló wí. "Èmi ńkọ́?"