Ìbò Tí Àwọn Adití Kà

Ọjọ́ tí wọ́n máa gba ipò mọ́ Tiwaladé lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló to àga tí wọ́n jókòó lé.

Róbótó ló tò wọ́n, bó ṣe máa ń ṣe láti ọdún mẹ́jọ tí ẹ̀ka àwọn adití ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Asata, nílẹ̀ Igbo. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ náà bá to àga ní ìlà bíi ti kíláàsì, ọwọ́ Tiwaladé á ti gbéra: "Ojú la fi ń gbọ́rọ̀ níbí. Ìpàkọ́ ta lo fẹ́ ká máa gbọ́?"

Ẹnu rẹ̀ mú, àfi pé ọwọ́ rẹ̀ ni ẹnu ọ̀hún. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Emene, lójú ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀, bàtà ló tà ní ọjà Ogbete títí tó fi kú. Ibà líle kan ló gba etí Tiwaladé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Kò gba ojú rẹ̀, kò sì gba ọpọlọ rẹ̀. Ó ń ka Yorùbá lẹ́nu èèyàn bí ẹni ń ka ìwé, bí onítọ̀hún ò bá ṣáà ti jẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ eyín.

Adití mẹ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí wọ́n ti lé ní ogún. Àwọn kan ń wá láti Iva Valley. Fuad tó ń lẹ táyà ní Ninth Mile Corner náà ń wá, bẹ́ẹ̀ mùsùlùmí ni. Á kírun tán ní Jímọ̀, á wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, nítorí pé òun kò tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń bá òun sọ̀rọ̀ tó yé òun. Ní gbogbo Sátidé, Tiwaladé á kọ́ àwọn tó ń gbọ́ràn ní èdè ọwọ́, á sì pín iṣẹ́ fún wọn: ta ni yóò bá aboyún adití lọ sí ọsibítù kí nọ́ọ̀sì má baà máa pariwo mọ́ ọn, bí ẹni pé ariwo ló kù, ta ni yóò tẹ̀ lé ẹni tó ń wá ilé lọ bá lánlọ́ọ̀dù, ta ni yóò dúró níwájú ìjọ láti túmọ̀ ìwàásù.

"Ẹ má ṣàánú wa," ló máa ń sọ fún wọn. "Ẹ ṣáà tètè máa dé."

Gbogbo iṣẹ́ yìí ló ń ṣe, kò sì ní àga nínú ìgbìmọ̀ ìjọ. Àwọn tó ń gbọ́ràn ni wọ́n ń jókòó pinnu, wọ́n á wá fi ìpinnu ránṣẹ́ sí i bí oúnjẹ tó ti tutù. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kó àwọn adití kúrò níwájú, wọ́n kó wọn sẹ́yìn òpó nítorí kámẹ́rà. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi na ọrùn kí wọ́n tó rí ọwọ́ ògbufọ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n léèrè. Ìdí nìyẹn tí ara Tiwaladé fi yá gágá ní oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí Pásítọ̀ Akínyẹmí dúró lórí pẹpẹ tó ní, "Lọ́dún yìí, adití ni yóò darí àwọn adití, yóò sì jókòó sínú ìgbìmọ̀." Bí ó bá ti lè dénú ìgbìmọ̀ yẹn pẹ́nrẹ́n, kò sẹ́ni tí yóò tún kó wọn sẹ́yìn òpó láìbi wọ́n.

Kẹ́mi ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Tẹkúntẹkún ló fi túmọ̀ rẹ̀.

Kọ́pà ni Kẹ́mi nígbà tó kọ́kọ́ dé láti Abẹ́òkúta, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìka rẹ̀ le gan-an nígbà náà. Tiwaladé ló jókòó tì í, tó ń tẹ ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi rọ̀. Nígbà tó sìnlú tán tí kò ríṣẹ́, ọ̀dọ̀ Tiwaladé ló kó àpò rẹ̀ sí, orí ibùsùn kan náà ni wọ́n sì jọ sùn fún ọdún kan ààbọ̀. Àwọn àlejò máa ń béèrè ilé ẹ̀kọ́ adití tí Kẹ́mi, tí etí rẹ̀ ń gbọ́ràn, ti kọ́ èdè ọwọ́. Tiwaladé á na ìka sí àyà ara rẹ̀: èmi nìyí, èmi ni ilé ẹ̀kọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó ní róbótó lọ́jọ́ Sọ́ńdè ọ̀hún, lẹ́yìn ìsìn, láti dìbò yan olórí ẹ̀ka náà. Mẹ́rìndínlógún ni àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, méje ni àwọn adití tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọ, gbogbo wọn jẹ́ mẹ́tàlélógún. Fuad kì í ṣe ọmọ ìjọ, kò lè dìbò, ṣùgbọ́n ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ọ̀kpá gbígbóná, irú mọ́ínmọ́ín àwọn Igbo, nínú ewé. Kẹ́mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pásítọ̀ láti túmọ̀.

"Orúkọ méjì ló wà níwájú wa," Pásítọ̀ sọ. "Sístà Tiwaladé, àti Sístà Kẹ́mi."

Kẹ́mi fi ìka to orúkọ ara rẹ̀ bí ẹni ń to orúkọ ẹlòmíràn.

Tiwaladé wò ó. "Ìwọ?"

Kẹ́mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ẹnikẹ́ni má baà bínú sí ẹnikẹ́ni," ni Pásítọ̀ ń wí lọ, "ẹ jẹ́ ká dijú. Ọlọ́run nìkan ni kó rí wa."

Gbogbo àwọn tó ń gbọ́ràn dijú pinpin. Àwọn adití ń wo ara wọn.

"Ṣé àwa náà?" Fuad béèrè láti ẹnu ọ̀nà, ọ̀kpá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Tá a bá dijú, ẹ̀mí mímọ́ ni yóò wá túmọ̀ fún wa?" ni Tiwaladé dá a lóhùn. Fuad fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara rẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ ní kí àwọn tó fẹ́ Tiwaladé nawọ́ sókè. Kẹ́mi túmọ̀ rẹ̀. Àwọn adití méjèèje nawọ́. Sandra, ọmọbìnrin Igbo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù mẹ́ta nínú ẹ̀kọ́ èdè ọwọ́, na tirẹ̀ sókè débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí àga. Alàgbà Ayọ̀, olórí àwọn tó ń fi ìjókòó hanni, nawọ́. Ẹlòmíràn nawọ́, ẹlòmíràn tún nawọ́. Tiwaladé ń kà wọ́n. Mẹ́jọ nínú àwọn tó ń gbọ́ràn, méje nínú tirẹ̀. Ó ń wo ẹnu Pásítọ̀ tí ìka rẹ̀ ń kà káàkiri, ó sì rí iye náà kedere lórí ètè rẹ̀ nígbà tó kà á tán: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó fẹ̀yìn ti àga, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n nawọ́ fún Kẹ́mi. Mẹ́jọ.

"Ẹ lajú yín," Pásítọ̀ sọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀. Sístà Kẹ́mi, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Sístà Tiwaladé, mẹ́jọ."

Kẹ́mi túmọ̀ rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún mi, mẹ́jọ fún yín. Obìnrin tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere bíi ti àwọn adití, tó rí ohun tí wọ́n rí, fi ìka tí Tiwaladé tẹ̀ títí tó fi rọ̀ pa irọ́ náà níwájú Tiwaladé.

Tiwaladé dìde. "Sọ fún wọn pé irọ́ ni. Sọ fún wọn pé a ò dijú, a rí gbogbo ọwọ́. Ẹ tún un kà, kí gbogbo èèyàn lajú. Kẹ́mi! Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Kẹ́mi kọjú sí àwùjọ, ẹnu rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ni Tiwaladé ti ń wò ó, kò rí i kà dáadáa. Ohun tó rí ni pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí òun. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá kan fi ọwọ́ kan àyà, ó ń mi orí tìfẹ́tìfẹ́. Ta ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń jà? Kò sẹ́ni. Ẹni tó bá dúpẹ́ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ó fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Pásítọ̀, ẹ ka ìbò yìí sódì. Ẹ tún un kà," ó gbé e síwájú Akínyẹmí. Pásítọ̀ kà á. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ nǹkan sí i, ó dá a padà, ó sì gbá a léjìká. Ohun tó kọ ni: "Ọlọ́run yóò tù ọ́ nínú."

Ó dáa. Tiwaladé yíjú sí àwọn adití tó kù. "Ẹ rántí ẹni tó nawọ́?"

"Gbogbo wọn," ni wọ́n dáhùn.

"Ó yá."

Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wọ àárín àwùjọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ dúró ti ẹni tó dìbò fún Tiwaladé, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. Fuad ju ewé ọ̀kpá sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó lọ dúró ti ẹni kẹjọ. Àtẹ́wọ́ dá. Àwọn mẹ́jọ tí wọ́n fọwọ́ kàn ń wojú ara wọn bí ẹni tí wọ́n bá nínú ilé ìwẹ̀. Ta ló sọ fún àwọn wọ̀nyí? Ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là sí i pé àwọn adití kò dijú.

Tiwaladé fúnra rẹ̀ ló dúró ti Alàgbà Ayọ̀. Ó tọ́ka sí i, ó na ọwọ́ ara rẹ̀ sókè, ó sì wò ó lójú: ìwọ, o nawọ́, àbí o ò nawọ́?

Pásítọ̀ ti ń bọ̀ sọ́dọ̀ wọn. Alàgbà Ayọ̀ wo Pásítọ̀, ó wo bàtà ara rẹ̀. Ó mi orí.

"Èmi kọ́," ni ẹnu rẹ̀ wí. Ó sọ ọ́ ketekete. Kò jẹ ẹ́ mọ́ eyín rárá.

Lẹ́yìn náà, ó di bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tó fọwọ́ kan àyà lẹ́ẹ̀kan mi orí. Ọkọ rẹ̀ mi orí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí Tiwaladé ti fi gbogbo ọ̀sán Sátidé ṣòfò lé lórí tẹjú mọ́lẹ̀. Nígbà tí ojú wọn dì, wọ́n láyà. Ojú wọn là, wọ́n di adìẹ. Sandra nìkan ló fò sókè.

"Na me! I raise am! Pásítọ̀, I raise my hand for Àǹtí Tiwa, I no dey fear anybody!"

"Sístà Sandra, jókòó," Pásítọ̀ sọ. "Kò sẹ́ni tó sọ pé ìwọ kò sí nínú àwọn mẹ́jọ."

Àwọn adití méje àti Sandra, mẹ́jọ náà nìyẹn. Kí ni èèyàn tún fẹ́ wí? Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì da òróró sí Kẹ́mi lórí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àga wà ní róbótó nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, adití kankan ò débẹ̀. Nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, kẹ̀kẹ́ Marúwá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Tiwaladé ní Emene, Kẹ́mi sọ̀ kalẹ̀. Tiwaladé wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Sandra jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, ó ń fi ìka kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀.

Kẹ́mi kúnlẹ̀ gbì.

"Dìde," Tiwaladé sọ fún un. "Tó o bá kúnlẹ̀ sẹ́yìn tábìlì, mi ò rí ọwọ́ ẹ."

Kẹ́mi dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ń sáré. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Pásítọ̀ ló ní ìgbìmọ̀ ò lè máa dúró de ògbufọ̀ ní gbogbo ìpàdé. Wọ́n á fún mi ní yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mọ̀ pé mi ò níṣẹ́, ẹ mọ bí ilé ṣe rí. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni mo máa lọ sọ fún wọn. Ẹ ṣáà wá. Kò sẹ́ni tó wá. Ta ni mo fẹ́ máa kọ́?"

"Mélòó lo rí?"

"Àǹtí..."

"Lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ojú ẹ là. Mélòó?"

Kẹ́mi gbé ọwọ́ sókè, díẹ̀díẹ̀. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún yín. Mẹ́jọ fún mi."

"Èmi ti mọ̀. Gbogbo adití ló mọ̀. Sandra ò tíì gbọ́ ọwọ́ tó ń sáré." Tiwaladé fi àgbọ̀n tọ́ka sí bẹ́ǹṣì. "Fi ẹnu sọ ọ́ fún òun."

Kẹ́mi yíjú sí Sandra. Sandra gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ó ń dúró. Tiwaladé tẹjú mọ́ ẹnu Kẹ́mi, bó ṣe ń wò ó nígbà tí wọ́n jọ ń gbé, bó ṣe mọ gbogbo ohun tí ẹnu náà máa ń ṣe kó tó sọ̀rọ̀. Ètè rẹ̀ là. Ó tún pa dé. Ó là lẹ́ẹ̀kejì, Tiwaladé sì kà á pé:

"Sandra, how you dey?"

Tiwaladé fa aṣọ tó ń rán sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó gbẹ́sẹ̀ lé pẹ́dàlì.