Ẹni Tí Yóò Ki Gbádé

Lọ́dún 1974, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Èmi ni balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Òkè-Àgbọn ní Èkó. Ọdún mẹ́jọ ni a ti ń du Ife Àwọn Ọmọ Ìlú. A kò gbà á rí.

Ìdíje náà kò ṣòro láti yéni. Ìlú tó bá ní ẹgbẹ́ ní Èkó lè kó ọmọ mọ́kànlá wá. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀kan, ó di ọdún tó ń bọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló le: ọmọ ìlú nìkan ló lè gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú. Wọn kì í béèrè ìwé ìbí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì nípa ọmọ kan, ẹni tó dàgbà jù ní Èkó nínú agbo ilé bàbá ọmọ náà ni yóò wá jókòó níwájú ìgbìmọ̀. Yóò dárúkọ agbo ilé, yóò sì ki ọmọ náà ní oríkì. Bí ó bá ti kì í, ọ̀rọ̀ parí.

Fada kan tó wá láti Ireland ni olórí ìgbìmọ̀. Wọ́n yàn án nítorí kò ní ìlú tí yóò gbè lẹ́yìn. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó sọ fún wa nígbà kan pé ní ilẹ̀ àwọn, bọ́ọ̀lù kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé tí wọ́n tún ń fi ẹsẹ̀ gbá, àgbègbè sí àgbègbè, àti pé ibi tí wọ́n bá bí ọmọ sí ló ń gbá a fún.

"Bó bá jẹ́ tiyín ni, Fada," ni Yẹ̀kínnì, ẹni tó ń ṣọ́ góòlù wa, wí, "Èkó ni gbogbo àwọn ọmọdé wọ̀nyí ì bá máa gbá a fún. Á wá ku èmi nìkan lójú pápá Òkè-Àgbọn."

Ní oṣù kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Pápá Àjàó. Káfíńtà ni mí. Ó ní Gbádé ni orúkọ òun, akọ̀wé ni òun ní rélùwéè ní Ìdó, òun sì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Òkè-Àgbọn.

"Agbo ilé wo?"

"Ilé Agbẹ́gi, sà."

Ilé wa ni Ilé Agbẹ́gi. Mo gbé ayùn sílẹ̀.

"Ta ni bàbá ẹ?"

"Màmá mi ní Abọ́dúndé lorúkọ wọn. Mi ò rí wọn rí."

Abọ́dúndé ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi. Mo wo ọmọ náà. Iwájú orí bàbá wa ló wà lórí rẹ̀. N kò bi í ní nǹkan mìíràn. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, mo kọ Ilé Agbẹ́gi síwájú rẹ̀, mo buwọ́ lù ú.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. N kò lọ. Kì í wá sí pápá, mo sì rò pé kò ní gbọ́. Mo tún fẹ́ ife náà.

A gbá ìpele àkọ́kọ́ ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àgùdà, nínú ẹrẹ̀. Gbádé gbá góòlù méjì wọlé. Ní ìpele kejì, ọ̀kan ni, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí. Yẹ̀kínnì sáré láti ẹnu góòlù tó ń ṣọ́ wá gbé e sọ́rùn.

"Ìyá wo ló bí eléyìí tí ò bí ìkejì ẹ̀?" ló ń bi gbogbo ènìyàn.

Àgọ́-Odò ló kàn wá. Bí a bá nà wọ́n, a dé àṣekágbá. Ní ọjọ́ márùn-ún sí eré náà, akọ̀wé wọn kọ ìwé sí ìgbìmọ̀. Ó ní Gbádé kì í ṣe ọmọ Òkè-Àgbọn. Ó ní ọmọ Yaba ni, pé Gertrude ìyá rẹ̀ ń ṣe tíṣà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ bàbá rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kọ̀wé ránṣẹ́ sí ẹni tó dàgbà jù ní Èkó nínú Ilé Agbẹ́gi. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

Mo lọ bá a nílé rẹ̀ ní Surulere. Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Ethel, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọwọ́ obìnrin yìí ni mo ti jẹun fún ọdún mẹ́rin nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ Èkó. Wọn kò bímọ. Ó bi mí léèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe. Abọ́dúndé mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. Ìwé ìgbìmọ̀ wà lápò rẹ̀.

"Dayọ̀, ta ló ní kó o kọ orúkọ ẹ̀?"

"Ọmọ yín ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ọmọ ta ni."

Ó wẹ̀yìn wò bóyá ìyàwó rẹ̀ wà nítòsí.

"Ọdún méjì kí n tó fẹ́ Ethel ni," ló wí. "Gertrude kó lọ, mi ò wá a. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí èmi àti Ethel ti ń tọ dókítà lẹ́yìn. Mo sọ fún un pé bóyá lọ́dọ̀ mi ni àléébù wà. Mo ní kó má da ara ẹ̀ láàmú. Ohun tó fi ń sùn nìyẹn. Bí mo bá wá jókòó níwájú òyìnbó, tí mo ki ọmọ kan, kí ló kù fún un?"

Ó yọ ìwé náà lápò, ó tún un kà.

"Màá lọ, torí wọ́n kọ̀wé. Ìwọ náà á lọ. Wàá panu mọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Gbádé bá mi ní pápá. Àwọn yòókù ti ń bọ́ jẹ́sì.

"Bùọ̀dá, ṣé bàbá mi á wá?"

"Wọ́n á wá."

"Kí ni kí n wọ̀?"

Mo ní kó wọ ohun tó bá wù ú.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní agogo mẹ́rin, a pé sí kíláàsì kan nílé-ẹ̀kọ́ Àgùdà tó ni pápá náà. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé. Gbádé wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì, ó ti gé irun. Nígbà tí Abọ́dúndé wọlé, Gbádé mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi hàn án. Ó dọ̀bálẹ̀. Abọ́dúndé gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá lọ jókòó níwájú. Ó kọjú sí pátákó ìkọ̀wé.

"Baba," ni Fada wí, "ṣé ọmọ agbo ilé yín ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Akọ̀wé Àgọ́-Odò rẹ́rìn-ín. "Ó tán. Ẹ jẹ́ ká máa lọlé."

Fada mú ìwé tí mo buwọ́ lù.

"Balógun, ìwọ lo kọ èyí. Ó lè jẹ́ pé o ṣì í kọ. Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀, a ó pa orúkọ ọmọ yìí rẹ́, ẹ ó gbá ti Sátidé láìsí i. Ṣùgbọ́n bí o bá dúró lórí rẹ̀, nígbà tí àgbà ilé yín ní òun kò mọ̀ ọ́n, irọ́ ni ìwé yìí. Gbogbo ẹgbẹ́ yín ni yóò jáde."

Yẹ̀kínnì wà lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. "Balógun," ló wí jẹ́jẹ́, "o ṣì í kọ. Jọ̀ọ́. O ṣì í kọ."

A lè na Àgọ́-Odò láìsí Gbádé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò sì ní ẹsẹ̀ ọdún mìíràn mọ́. Àǹtí Ethel ń dáná nílé lákòókò yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀. Nílé wa, bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, àbúrò kì í la ẹnu lé e.

Mo wo Gbádé. Kò wò mí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn bàbá rẹ̀. Kò gbójú kúrò níbẹ̀.

Mo dìde.

"N kò ṣì í kọ," ni mo wí. "Ọmọ Ilé Agbẹ́gi ni."

"Kí ni oríkì rẹ̀?" ni Fada bi mí.

Wọn kò sọ ọ́ ní oríkì kankan. Ta ni ì bá sọ ọ́? Oríkì bàbá wa ló wá sí mi lẹ́nu.

"Àkàngbé," ni mo wí.

Abọ́dúndé yíjú padà nígbà tó gbọ́ orúkọ náà. Mo ń bá a lọ.

"Àkàngbé, ọmọ Agbẹ́gi. Ọmọ ìrókò mì tìtì, ẹyẹ orí ẹ̀ ò ṣí. Ọmọ a-gbẹ́-òpó-ọba-má-gbàgbé-òpó-ilé. Ọmọ tí wọ́n bí sájò, tí ilé mọ̀ ọ́n."

Ìlà tó kẹ́yìn kò sí nínú oríkì wa. Èmi ni mo fi kún un. Ohùn mi kò dára, n kò sì jẹ́ kó gùn. Nígbà tí mo parí, Gbádé ti na gbọọrọ sórí ilẹ̀ kíláàsì, ó dojú bolẹ̀. Táì rẹ̀ wà nínú eruku ẹfun ìkọ̀wé.

Abọ́dúndé dé fìlà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Lọ́jọ́ tí mo bá kú," ló wí, "má wá."

Ó jáde. Fada bọ́ awò ojú rẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbé e wọ̀ padà. Ó ní ẹnu méjì ni agbo ilé kan sọ, òfin kò sì fún òun láyè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. A jáde nínú ìdíje, wọ́n sì fi òfin dè wá fún ọdún méjì.

Yẹ̀kínnì dúró dè mí níta. Ogójì ọdún ló kù díẹ̀ kó pé. Kò pariwo.

"A rán ọ lọ gba ife," ló wí. "O lọ gba ọmọ."

Àwọn yòókù kò bá mi sọ̀rọ̀. Èmi àti Gbádé jọ rìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí.

"Bùọ̀dá, ṣé Àkàngbé ni mí lóòótọ́?"

"Láti òní."

Ó rìn díẹ̀.

"Wọn ò wò mí, bàbá mi," ló wí.

"Rárá. Wọn ò wò ọ́."

Ní Ọjọ́ Ajé, Àǹtí Ethel wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò wá síbẹ̀ rí. Ẹnì kan ti sọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Dayọ̀, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Àǹtí."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mọ́kànlélógún."

Ó jókòó sórí àga kan tí n kò tíì kàn parí. Àwọn tó ń gé pákó ní ṣọ́ọ̀bù kejì gé e tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

"Èmi ni, nígbà náà," ló wí.

N kò lè sọ pé kì í ṣe òun.

"Ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ fún mi. Ǹ bá ti yéé mu oògùn." Ó dìde, ó gbọn èérún pákó kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Sọ fún un kó wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Èmi ni kó wá kí. Kì í ṣe bàbá ẹ̀."

Gbádé lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó ti ibi iṣẹ́ wá bá mi, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan náà.

"Àǹtí se ìrẹsì," ló wí. "Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á wò mí, wọ́n á tún gbójú kúrò."

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n gbọ́ ohùn mi lẹ́nu géètì, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bàtà wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Láìwọ bàtà ni wọ́n lọ." Ó mú ìṣó kan lórí tábìlì mi, ó ń yí i lọ́wọ́. "Mo dúró dè wọ́n títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ ṣú. Nígbà tí Àǹtí wọlé lọ, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà náà."

Ó dá ìṣó náà padà sórí tábìlì.

"Ó bá mi mu," ló wí.

Mo ní kó bá mi di orí pákó kan mú, kí n lè gé e.